Iyán ẹ̀yìn kọ́ọ̀tù ní Kàbà: mo lọ gba afidáfíìtì, mo bá àwọn adájọ́ tí ò gbowó oṣù pàdé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀kún o, bí a ṣe ń kíni lápá ibí nìyẹn. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣèlérí pé n ó kọ nǹkan nípa bùkà kan báyìí tó wà lẹ́yìn kọ́ọ̀tù ní Kàbà, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Kò ní sáìnbọ́ọ̀dù o, torí náà ẹ má bi mí léèrè orúkọ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti débi táwọn ọlọ́kadà ń páàkì sí, ẹ kàn ní "iyán ẹ̀yìn kọ́ọ̀tù", wọ́n á gbé yín débẹ̀. Tó bá wá jẹ́ ọlọ́kadà àlejò ló gbé yín, ẹ tẹ́tí sí ìró ọmọ odó kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e.

Ohun tó gbé èmi débẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ ò ju pé síìmù mi sọnù lọ. Wọ́n ní kí n tó lè gba nọ́ńbà mi padà kí n lọ búra afidáfíìtì ní kọ́ọ̀tù, mo lọ, wọ́n bá mi ṣe é kíá, kò tó wákàtí kan, àmọ́ mi ò tíì jẹun láti ilé, Mọ̀pà ni mo sì ti wá láàárọ̀ kùtù. Mo bi bàbá kan lẹ́nu géètì ibi tí èèyàn ti lè rí oúnjẹ gidi jẹ, bàbá fi àgbọ̀n júwe ẹ̀yìn fẹ́ǹsì, wọ́n ní, "Wọ́n ń gún iyán níbẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń dá ẹjọ́." Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Àwàdà kọ́ o.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti oúnjẹ, torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín, ibẹ̀ yẹn nìkan lẹ máa kà. Iyán gígún ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi omi gbóná rò látinú ọ̀rá. Ọmọkùnrin méjì ló ń gún un, wọ́n kọjú síra wọn, ọ̀kan ń sọ ọmọ odó kalẹ̀ bí èkejì bá ti ń gbé e sókè, tẹ́ ẹ bá sì dé lásìkò tí wọ́n ń gún un lọ́wọ́, ẹ dúró, ẹ má jẹ èyí tó ti wà nínú kúlà. Ó fà, ó mọ́, kò ní kókó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí kókó nínú ẹ̀, mo fi han ìyá oníyán, wọ́n tẹjú mọ́ ọn dáadáa, wọ́n ní, "Ìyẹn la fi ń mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ló gún un." Kí lẹ fẹ́ kí n sọ sí ìyẹn? Mo gbé e mì.

Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wọn ki, wọn ò fi omi dà á láàmú, ẹ̀fọ́ inú ẹ̀ sì pọ̀ ju ẹ̀gúsí lọ díẹ̀, èmi fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀ àmọ́ ìyàwó àbúrò mi ní ẹ̀fọ́ ni wọ́n fi ń rẹ́ wa jẹ. Ọ̀yà ni kókó ibẹ̀. Wọ́n fi iná igi yan án kó tó wọ ọbẹ̀, awọ ẹ̀ á ṣì le díẹ̀ lẹ́yìn, inú á rọ̀, èéfín á sì máa bá yín lọ sílé. Iyán ₦1,000, ọ̀yà ₦2,000, pọ̀ǹmọ́ ₦300. Tí aago kan bá ti lu, ọ̀yà ti tán, ẹ ò ní bá nǹkan kan ju ẹja tútù àti ìyá tó ń sọ fún yín pé ẹja náà dára fún ojú.

Ibi tí wọ́n ti ń bí èèyàn nínú náà wà. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ sí kọ́ọ̀tù. Àga onírọ́bà wọn, mẹ́ta nínú ẹ̀ ló ní ẹsẹ̀ tó gbọ̀n, ẹnikẹ́ni ò sì ní kìlọ̀ fún yín, ṣe ni wọ́n á máa wò yín bẹ́ ẹ ṣe ń jókòó. Nẹ́tíwọ̀kì ò dúró lẹ́yìn fẹ́ǹsì yẹn, tọ́ńsìfà á kàn máa yí, ẹ mú kaṣì dání. Àìjẹ́bẹ́ẹ̀, ọmọkùnrin oní-POS tó wà lábẹ́ agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ á gba ₦100 lọ́wọ́ yín, á tún sọ ìtàn fún yín mọ́ ọn. N ó padà sórí ọmọ yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sábẹ́ máńgòrò.

Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀ tí àwọn oníbàárà lásán ò kì í jókòó sí. Èmi ò mọ̀, mo lọ jókòó. Gbogbo ojú yí sí mi. Bàbá kan tó wọ táì lórí bùbá, mo ní táì lórí bùbá o, bi mí pé, "Ṣé ìwọ ni olùpẹ̀jọ́ àbí olùjẹ́jọ́?" Mo ní mo wá jẹ iyán ni. Wọ́n ní, "Kò burú, ẹlẹ́rìí ni."

Àwọn bàbá wọ̀nyí ò ní ẹjọ́ kankan ní kọ́ọ̀tù. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ilẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á jí láàárọ̀, wọ́n á wọlé sí kọ́ọ̀tù, wọ́n á jókòó sẹ́yìn, wọ́n á gbọ́ gbogbo ẹjọ́ ọjọ́ yẹn pátá, tó bá di ọ̀sán wọ́n á wá sábẹ́ máńgòrò wá dá a. Kò sí ẹni tó lè lé wọn. Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá kan bi bàbá onítáì pé kí ni wọ́n ń wá nínú kọ́ọ̀tù, wọ́n dìde, wọ́n tún táì ṣe, wọ́n ní òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ẹsẹ 36, sọ pé gbangba ni kí wọ́n ti máa gbọ́ ẹjọ́, "èmi sì ni gbangba." Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Látìgbà yẹn Bàbá Gbangba làwọn ọmọ tó ń gún iyán ń pè wọ́n.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa adájọ́ nìkan ló ń dá ẹjọ́, kò sí àwọn èèyàn méjìlá tó máa ń jókòó sápá kan bí a ṣe ń rí i nínú fíìmù, àwọn tí wọ́n ń pè ní júrì, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ́ júrọ̀. Èkó ní júrì láyé òyìnbó, àmọ́ àwa tí wọ́n kó sínú Kabba Province lápá Àríwá, júrì ò yà lọ́dọ̀ wa. Ó jọ pé ohun tí òyìnbó fi dù wá làwọn bàbá yìí gbé kalẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì fi ọbẹ̀ sí i.

Bàbá Gbangba nìkan ni mo lè kọ ìwé lé lórí. Ìyàwó wọn nílé gbà pé kọ́ọ̀tù fún wọn níṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, torí bí wọ́n ṣe ń múra jáde láràárọ̀ pẹ̀lú báàgì aláwọ nìyẹn. Ìwé àkọsílẹ̀ ló wà nínú báàgì, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti sún ẹjọ́ síwájú ni wọ́n ń kọ ọ́ síbẹ̀, ọjọ́, ìdí, ẹni tó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún un. Ẹjọ́ ilẹ̀ kan ti gba ojú ewé mẹ́rin. Lọ́jọ́ kan màmá kan tó wá láti ìlètò rí táì àti báàgì, ó gbé adìyẹ lé wọn lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀, ó ní lọ́yà, ẹ bá mi gba ọmọ mi sílẹ̀. Bàbá ní àwọn kì í ṣe lọ́yà. Màmá ní, "Ẹ ò sì gbéraga, Ọlọ́run á bù kún yín," ó sì bá tiẹ̀ lọ. Ni adìyẹ bá dé abẹ́ máńgòrò. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jà lórí ẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀bùn ni, àwọn kan ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, Bàbá Gbangba ní a ò lè pe ohun tí wọ́n fún ẹni tí ò lágbára kankan ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ìyẹn sì dùn wọ́n díẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tán. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta adìyẹ yé ẹyin. Ẹjọ́ di méjì. Ta ló lẹyin? Ìyá oníyán tó ń fi gààrí bọ́ adìyẹ náà ò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀, wọ́n wá màmá yẹn rí lẹ́nu géètì, wọ́n dá adìyẹ ẹ̀ padà fún un, wọ́n sì din ẹyin. Wọ́n ní owó ilé ni.

Ọ̀gá télọ̀ tún wà níbẹ̀. Aṣọ ni tiwọn. Wọn ò kì í gbọ́ ẹnu ẹlẹ́rìí rárá, ṣe ni wọ́n ń wo rírán. Ọmọkùnrin kan wà tí wọ́n ní ó jí fóònù ńlá kan, ọ̀gá télọ̀ ní irọ́ ni, kò lè jẹ́ òun, àpò ṣòkòtò tí wọ́n ní ó wọ̀ lọ́jọ́ náà ò jìn, fóònù yẹn á yọrí síta tó ìwọ̀n ìka mẹ́rin, "ta ni yóò fi ìyẹn sá eré?" Gbogbo tábìlì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá adájọ́ tú ọmọ náà sílẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rí ò tó. Kò sí ẹni tó dárúkọ àpò nínú kọ́ọ̀tù o! Síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ọ̀gá télọ̀ fi ń jẹun láìsanwó, wọ́n ní owó iṣẹ́ àwọn ni.

Dírẹ́bà wà níbẹ̀ tí wọ́n ti wa tírélà sìmẹ́ǹtì ní ọ̀nà Obajana fún ọ̀pọ̀ ọdún, oorun ìjókòó sì ti di iṣẹ́ ọwọ́ fún wọn. Wọ́n ní kọ́ọ̀tù gan-an ló ń fa oorun, àti pé ẹ̀bi wọn kọ́, torí ọwọ́ ni adájọ́ fi ń kọ gbogbo ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ sílẹ̀, ẹlẹ́rìí á sọ ọ̀rọ̀ márùn-ún, wọ́n á ní kó dúró, pẹ́ẹ̀nì á máa dún ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́, á tún sọ márùn-ún sí i. "Orin ìrẹ̀mọlẹ́kún ni." Wọ́n á sùn títí, wọ́n á jí lábẹ́ máńgòrò, wọ́n á ní, "Ó jẹ̀bi," kí wọ́n tó béèrè ta ni.

Ọmọkùnrin oní-POS tí mo ń wí lẹ́ẹ̀kan yẹn ló ń kó wọn ní ìròyìn ilé ayé. Níbi tó jókòó sí nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì wà, àwọn bàbá sì ti pàṣẹ fún un pé gbogbo ohun tó bá rí nípa júrọ̀ nílẹ̀ òkèèrè kó máa kà á síta. Ọjọ́ tí mo wà níbẹ̀ tó ka ti Sydney ní Australia fún wọn, èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2008, pé ẹjọ́ oògùn olóró kan ti lọ ju oṣù mẹ́ta lọ, ẹlẹ́rìí márùn-ún lé lọ́gọ́rùn-ún ti sọ̀rọ̀, owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là wọn ti wọlẹ̀, gbogbo èèyàn ń yin àwọn júrọ̀ pé wọ́n ń kọ nǹkan sílẹ̀ dáadáa, àfìgbà tí olùjẹ́jọ́ fúnra ẹ̀ kíyè sí i pé òkè sísàlẹ̀ lọwọ́ wọn ń lọ, kì í ṣe òsì sí ọ̀tún. Sudoku ni wọ́n ń ta, eré tí wọ́n fi ń to nọ́ńbà sínú bébà. Adájọ́ tú gbogbo ẹ̀ ká. Dírẹ́bà là lójú gbàgà, wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i? Èmi kì í da kọ́ọ̀tù láàmú, oorun lásán ni mo ń sùn."

Àmọ́ ti ọdún 1994 ló dá ìjà sílẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹjọ́ ìpànìyàn. Wọ́n kó àwọn júrọ̀ lọ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Brighton kí wọ́n tó parí ìpinnu, ilẹ̀ ṣú, mẹ́rin nínú wọn mu ọtí díẹ̀, ni wọ́n bá ní àwọn á bi òkú fúnra ẹ̀ léèrè ẹni tó pa á. Wọ́n ya lẹ́tà ábídí sórí bébà, wọ́n da ife dé e, wọ́n fi ìka lé e, ife ń rìn láti lẹ́tà kan sí òmíràn, òkú ní olùjẹ́jọ́ yẹn gan-an ni. Lọ́jọ́ kejì wọ́n dá ọkùnrin náà lẹ́bi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tú, kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn fagi lé e, wọ́n ní kí wọ́n tún ẹjọ́ dá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá télọ̀ bínú. Wọ́n ní kí ló dé tí wọ́n fi fagi lé e, ẹlẹ́rìí wo ló tún ju ẹni tí wọ́n pa lọ? Bàbá Gbangba ní ẹ̀rí náà ò ṣeé gbà. Ọ̀gá télọ̀ ní kí ló ṣe é? Bàbá Gbangba ní, "Wọn ò búra fún òkú náà." Tábìlì dákẹ́. Ìyá oníyán tó ń kọjá lọ pẹ̀lú àwo dúró, wọ́n ní àti pé lọ́yà wo ló fẹ́ bi òkú ní ìbéèrè àtakò? Díẹ̀ ló kù kí ẹ̀gúsí pá mi lórí.

Ti ọdún 1670 ni ìyá oníyán ò tíì dárí ẹ̀ jì òyìnbó títí dòní. Ọmọ POS kà á pé wọ́n mú William Penn àti ẹnì kejì ẹ̀, William Mead, ní Lọ́ńdọ̀nù torí pé wọ́n wàásù ní títì, àwọn júrọ̀ méjìlá kọ̀, wọn ò dá wọn lẹ́bi bí adájọ́ ṣe fẹ́, adájọ́ bá ní kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé láìsí oúnjẹ, láìsí omi, láìsí iná, láìsí tábà, títí wọ́n á fi yí ọkàn padà. Wọ́n ò yí i. Wọ́n bu owó ìtanràn lé wọn, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Bushell kọ̀ láti san án, ẹ̀wọ̀n ló wà títí adájọ́ àgbà fi sọ pé ẹnì kan ò lè fìyà jẹ júrọ̀ nítorí ìpinnu tó bá ṣe. Bàbá Gbangba pàtẹ́wọ́. Ìyá oníyán ò gbọ́ apá ìkẹyìn yẹn rárá, ohun tó kù sí wọn lọ́kàn ni "láìsí oúnjẹ". Wọ́n ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n fi ronú?"

Gbogbo àwọn tí mo ti ń kà sílẹ̀ bọ̀ yìí, aláṣedànù ni wọ́n o. Júrọ̀ gidi kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì yẹn, òun náà ló sì ń jókòó sí ìpẹ̀kun tí kì í sọ̀rọ̀. Bàbá Lọ́ńdọ̀nù. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti gbé fún ohun tó lé ní ogún ọdún kí wọ́n tó padà wá kọ́lé sí Ìyàrà. Lọ́dún 2012 lẹ́tà dé bá wọn nílé, òǹtẹ̀ ìjọba lára ẹ̀, wọ́n gbé e sórí firíìjì fún ọjọ́ mẹ́rin láìṣí i torí wọ́n rò pé àwọn ìmígíréṣọ̀n ni. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni wọ́n ṣì ń lò nígbà náà. Wọn ò mọ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí orúkọ àwọn ti wà nínú ìwé olùdìbò, tí ọmọ Kọmọnwẹ́ẹ̀tì sì lè dìbò níbẹ̀, òfin lè pè wọ́n wá jókòó dá òyìnbó lẹ́jọ́. Àti pé tí wọn ò bá lọ, wọ́n lè bu ìtanràn tó tó £1,000 lé wọn. "Ni mo bá lọ," ni wọ́n wí.

Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa nípa ẹ̀, ohun yẹpẹrẹ ni gbogbo ẹ̀, èmi ò sì lè gbọ́ ọ tán. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ìdúró lásán ni, yàrá ńlá kan bíi ibi tí a ti ń dúró de mọ́tò, gbogbo èèyàn ń wo bàtà ara wọn. Owó oúnjẹ òòjọ́ £5.71. Kò lé, kò dín. Ọ̀gá télọ̀ ní kí ni kọ́bọ̀ kan yẹn ń wá níbẹ̀, èèyàn wo ló jókòó sí ọ́fíìsì tó ní £5.70 ò tó? Wọ́n mú wọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wọ kọ́ọ̀tù, akọ̀wé da káàdì orúkọ rú bíi ẹni ń ta whot, ó fa méjìlá yọ, àwọn mẹ́ta tó kù padà síbi ìdúró. Láti 2004 ni wọ́n ti yí òfin ibẹ̀ padà, ọlọ́pàá àti adájọ́ pàápàá lè gba lẹ́tà kí wọ́n wá ṣe júrọ̀. Ìyẹn ò yé dírẹ́bà. Adájọ́ á wá jókòó sábẹ́ adájọ́? Tó bá wá mọ ẹjọ́ ju onítọ̀hún lọ ńkọ́?

Wọ́n tún sọ fún wa pé tí ẹnu àwọn méjìlá ò bá kò, adájọ́ lè gba ti mẹ́wàá nínú wọn, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo ó kéré tán wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bàbá Gbangba kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá wà fún? Bàbá Lọ́ńdọ̀nù ní òfin sọ wákàtí méjì, mẹ́wàá yẹn wà fún kí wọ́n rìn dé yàrá kí wọ́n sì jókòó. Ìyá oníyán ní irọ́ ni, ìyẹn ni wọ́n fi ń jẹun.

Èyí tó dùn jù ni ti ìyàwó Bàbá Lọ́ńdọ̀nù. Òfin ní wọn ò gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà fún ẹnikẹ́ni nílé. Ẹ wò ó, obìnrin Ìyàgbà ni ìyá yẹn, ọkọ ẹ̀ á jáde láàárọ̀ lọ síbi ẹjọ́ gidi tí olè wà níbẹ̀, á dé lálẹ́, wọ́n á bi í pé báwo ni, á ní "a dúpẹ́". Lọ́jọ́ kìíní wọ́n rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n rò pé obìnrin mìíràn ló wà. Lọ́jọ́ kẹrin ẹran ti kúrò nínú ọbẹ̀ Bàbá. Ọjọ́ mẹ́wàá iṣẹ́ ni wọ́n sìn, Bàbá ní láti ọjọ́ kẹrin títí tó fi parí, omi ọbẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ̀bà, àti pé £5.71 yẹn ló gba àwọn là.

Ohun tí wọ́n sọ nínú yàrá yẹn wá ni ẹnikẹ́ni lábẹ́ máńgòrò ò tíì rí gbà lẹ́nu wọn. Òfin ibẹ̀ dè é pa, kódà lẹ́yìn tí ẹjọ́ bá ti parí, ẹ̀wọ̀n ló wà nídìí ẹ̀. Ọ̀gá télọ̀ ní ta ló fẹ́ wá láti Lọ́ńdọ̀nù wá gbọ́ ọ lábẹ́ máńgòrò ní Kàbà. Wọ́n ti fi ọtí ọkà tàn wọ́n. Wọ́n ti fi ọ̀yà tàn wọ́n, èjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nínú ẹ̀ tèmi ni, mo fi ṣètìlẹ́yìn. Bàbá jẹ méjèèjì tán, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n ní, "Ọ̀yà yìí dùn."

Ẹjọ́ kàṣú tó ń lọ lọ́wọ́ báyìí ló jẹ́ kí n rí wọn lójú mìíràn. Wọ́n ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan kó àpò kàṣú jáde nínú ilé ìkẹ́rùsí ní alẹ́, lásìkò tí kàṣú lówó lórí. Abẹ́ máńgòrò pín sí méjì gbáà. Ọ̀gá télọ̀ ní kò jẹ̀bi, torí oje kàṣú kì í ṣí kúrò lára aṣọ àti pé aṣọ ẹ̀ mọ́. Bàbá Gbangba ní àpò hóró gbígbẹ ni wọ́n ní ó gbé, oje wo ló wà níbẹ̀? Ariwo ta, ọmọ tó ń gún iyán dá sí i, ó fi odó sílẹ̀, ìyá oníyán kígbe mọ́ ọn. Ẹnì kan wá ní, ẹ jẹ́ ká bi Bàbá Lọ́ńdọ̀nù, òun nìkan ló ṣe é rí. Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n kọjú sí wọn.

Bàbá bu omi mu. Wọ́n ní, "Bàtà ọmọ yìí, ẹ wò ó?"

A ò wò ó. Ọ̀gá télọ̀ pàápàá, ṣòkòtò ló tán lójú tiwọn.

Wọ́n ní olùjẹ́jọ́ tiwọn lọ́jọ́sí, ó jọ pé ṣe ló yá bàtà wọ̀ wá sí kọ́ọ̀tù. Ó tóbi jù ú lọ. Bó bá ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ láti ìsàlẹ̀, kọ̀, kọ̀, kọ̀, wọ́n á ti máa gbọ́ ọ kí wọ́n tó rí i. Wọ́n ní, "Mo ṣì máa ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn, lóru." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n bu òkèlè. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kéèyàn sọ, èmi gan-an ń wo àwo mi, àfi bí dírẹ́bà ṣe ta jí tí wọ́n ní, "Ó jẹ̀bi! Ta ni?"

A rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan nínú àga elẹ́sẹ̀ gbígbọ̀n yẹn gbé ọ̀gá télọ̀ ṣubú.

Ẹ gbọ́ o, kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò. Tí kọ́ọ̀tù bá ti wọ ìsinmi ọdọọdún wọn lásìkò òjò, ìyá oníyán á dín iyán kù, abẹ́ máńgòrò á dá páropáro, Bàbá Gbangba nìkan lẹ máa bá níbẹ̀ tí wọ́n ń ka ìwé àkọsílẹ̀ wọn látẹ̀yìnwá. Ìyá oníyán ní èyí tó burú jù ni ọdún 2021, tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà láti oṣù kẹrin wọ oṣù kẹfà. Wọ́n ní àwọn bàbá yìí ṣì ń wá lójoojúmọ́. Géètì wà ní títì, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa tún àwọn ẹjọ́ àtijọ́ dá, àwọn tí wọ́n ti dá láre tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń dá lẹ́bi torí pé ọwọ́ dilẹ̀.

Máàkì tèmi: iyán márùn-ún nínú márùn-ún. Ọbẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀yà márùn-ún tẹ́ ẹ bá bá a. Àga, ẹyọ kan, mo sì ṣàánú wọn. Ẹ kí ìyá oníyán ní "ọ̀kún o" kẹ́ ẹ tó béèrè ẹran o, àwọn tó wọlé láìkí wọn, mo ti rí irú ẹran tí wọ́n ń bù fún wọn. Ẹ má sì lọ jókòó sí tábìlì gígùn yẹn àyàfi tẹ́ ẹ bá lásìkò, torí mo ra iyán aago méjìlá lọ́jọ́ kàṣú yẹn, aago mẹ́rin kọjá ni mo wọ mọ́tò Mọ̀pà, ìyàwó àbúrò mi ní ṣé wọ́n tì mí mọ́lé ni.

Wọ́n ti sún ẹjọ́ kàṣú síwájú lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́yà olùpẹ̀jọ́ ò wá. Bàbá Gbangba ti kọ ọjọ́ tuntun sílẹ̀ nínú ìwé wọn, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ yẹn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ ọ̀yà, ẹ ti débẹ̀ ṣáájú aago mọ́kànlá, torí gbogbo tábìlì ló ń bọ̀, bàtà ni wọ́n sì fẹ́ wá wò.